Ẹ yẹ ẹ̀yìn rédíò mọ́tò yín wò o! Wáyà táwọn réwáyà kan ń so síbẹ̀ lè dáná sun ọkọ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe tí wọ́n bá ti ra tòkunbọ̀ wálé, rédíò ni. Wọn ò tí ì pààrọ̀ ọ́ìlì, wọn ò tí ì yẹ bíréèkì wò, rédíò ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá wí. Kò sì yẹ ká dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó jáde nílé n'Ìkòròdú tàbí ní Sángo láago márùn-ún ìdájí, tó jẹ́ pé ó di bíi aago mẹ́jọ kó tó dé ibi iṣẹ́, tí kò bá gbọ́ ìròyìn, tí kò gbọ́ fújì, tí kò gbọ́ ìwàásù, orí ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Rédíò inú ọkọ̀ ti kúrò ní fàájì lásán lọ́dọ̀ wa, alábàárìn ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orin kọ́ la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ wáyà ni. Iṣẹ́ rédíò yìí wà lára iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn gbà pé ẹnikẹ́ni lè ṣe. Wọ́n á gbé mọ́tò lọ sábẹ́ igi lọ́dọ̀ réwáyà, réwáyà á já wáyà mẹ́ta-mẹ́rin, á fi eyín họ ẹnu wọn, á lọ́ wọn pọ̀, á fi téèpù dúdú wé e, láàárín ogún ìṣẹ́jú, orin ti ń dún gbùgbùgbù. Oníṣẹ́ gbowó, ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín lọ ilé. Orin tó ń dún yẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ o. Pé rédíò dún kò sọ pé iṣẹ́ náà dáa. Wáyà tí wọn ò so dáadáa kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n so ó. Ó lè tó oṣù mẹ́fà, ó lè tó ọdún kan kó tó la ẹnu, ìgbà tó bá sì máa là á, ó lè jẹ́ èéfín ló máa fi sọ tiẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ilé tá a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká jọ ṣí ẹ̀yìn rédíò yìí wò, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ máa bi réwáyà yín kó tó fọwọ́ kan mọ́tò.

KÍ LÓ ṢE RÉDÍÒ TÓ BÁ MỌ́TÒ WÁ?

Àwọn kan máa béèrè pé ṣebí mọ́tò ní rédíò nínú tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀? Ìdí ẹ̀ pọ̀.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ kóòdù. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń ti Yúróòpù wá, bíi Volkswagen, Audi àti Honda kan, ó ní nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ti rédíò wọn pa nítorí àwọn olè. Tí bátìrì bá ti kú, tàbí tí wọ́n yọ ọ́, rédíò yẹn á kọ iṣẹ́, á ní kẹ́ ẹ kọ kóòdù wá. Bẹ́ẹ̀, mọ́tò yẹn ti sùn nínú ọkọ̀ ojú omi àti ní èbúté fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bátìrì ẹ̀ ti kú fin-ín fin-ín. Ẹni tó mọ kóòdù wà ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, kò sì mọ̀ pé mọ́tò òun ti dé Kútọnu, áḿbọ̀sì pé ó ti wọ Mushin. Bí rédíò tó dáa ṣe di pákó nìyẹn.

Èkejì, mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá ní wàhálà tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ rédíò tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í dúró lójú gbogbo nọ́ńbà lórí FM. Láti 88.1, á fò sí 88.3, á tún fò sí 88.5. Ẹni tó bá ń wá Eko FM tó wà lójú 89.75, á rí i pé ńṣe ni rédíò ẹ̀ ń ti 89.7 fò lọ sí 89.9, bíi ọ̀pọ̀lọ́. Ó lè gbọ́ ọ lójú 89.7, ṣùgbọ́n kò ní mọ́ tó bó ṣe yẹ kó mọ́. Lórí AM, tiwọn ń fi mẹ́wàá-mẹ́wàá rìn, tiwa ń fi mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án rìn, ẹsẹ̀ wọn ò dọ́gba.

Ẹ̀kẹta, ayé ti yí. Rédíò tó jẹ́ pé kàsẹ́ẹ̀tì tàbí sídì nìkan ló ń lò, ta ló tún ń ra kàsẹ́ẹ̀tì? Fóònù àti fúláàṣì lorin wà báyìí.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un pé rédíò mọ́tò kì í ṣe nǹkan àná. Ọdún 1930 ni ilé iṣẹ́ Galvin l'Ámẹ́ríkà gbé èyí tí wọ́n pè ní Motorola jáde, orúkọ yẹn ni ilé iṣẹ́ náà padà wá ń jẹ́. Philips mú kàsẹ́ẹ̀tì kékeré jáde lọ́dún 1963, Pioneer sì gbé ẹ̀rọ sídì inú mọ́tò jáde lọ́dún 1984. Lọ́dọ̀ wa níbí, òfin ọdún 1992 ló fàyè gba ẹni tí kì í ṣe ìjọba láti dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, nígbà tí Raypower 100.5 sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994, ńṣe ni rédíò mọ́tò di wúrà l'Ékòó. Àwọn tó gbọ́njú nígbà yẹn á rántí pé àwọn ọ̀gá máa ń yọ ojú rédíò wọn dání wọ báńkì, wọn á gbé e sórí tábìlì wọn níbi àríyá, nítorí ẹni tó bá fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò, gíláàsì tó fọ́ ló máa bá.

WÁYÀ MẸ́TA NI OLÓRÍ

Ẹ gbọ́ ná, kì í ṣe iṣẹ́ awo. Rédíò tẹ́ ẹ bá rà ní Àlábà tàbí ní Ládípọ̀, yálà Pioneer ni o, Kenwood ni o, Sony ni o, tàbí ti Ṣáínà tí ò lórúkọ, wáyà mẹ́ta ló ń fún un lóúnjẹ.

Ti yẹ́lò ni àkọ́kọ́. Iná tí kì í kú rárá ni wọ́n ń so ó mọ́, iná tó ń ti bátìrì wá tààrà, yálà kọ́kọ́rọ́ wà nídìí síwíìṣì tàbí kò sí. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kí rédíò má gbàgbé aago àti gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò tẹ́ ẹ ti tò sínú ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò, òun náà ló tún ń gbé agbára tí sípíkà ń jẹ wọlé.

Ti pupa ni èkejì. Èyí gbọ́dọ̀ wà lójú iná tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ ló máa tó tàn, tẹ́ ẹ bá sì yọ kọ́kọ́rọ́, kó kú. Òun ló ń sọ fún rédíò pé ọ̀gá ti dé, jí, tàbí pé ọ̀gá ti lọ, sùn.

Ti dúdú ni ẹ̀kẹta, ó ń lọ sí ara irin mọ́tò, èyí táwọn réwáyà ń pè ní bọ́dì. Ibẹ̀ ni iná ń gbà padà sílé.

Mẹ́ta péré! Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́. Réwáyà tí kò bá fẹ́ wàhálà á so yẹ́lò àti pupa pọ̀, á ti méjèèjì bọ iná tí kì í kú. Rédíò dún, kò burú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ ò láṣẹ lórí rédíò mọ́. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti fọwọ́ pa á, ilẹ̀ mọ́, mọ́tò ò ní sítáàtì. Ẹlòmíì á so méjèèjì mọ́ iná kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn náà á dún, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti pa mọ́tò ni aago á padà sí òdo, tí rédíò á gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀. Ìyẹn lẹ́ ẹ máa ń gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé rédíò àwọn ń ya dìndìnrìn. Rédíò ò ya dìndìnrìn, wáyà ni wọ́n gbé gba ọ̀nà ibòmíì. Nínú àwọn Volkswagen àti Audi kan, àtilé ni ipò wáyà méjèèjì yìí ti yàtọ̀ sí ti rédíò ọjà, réwáyà tó bá mọṣẹ́ á pààrọ̀ wọn fúnra wọn, kò ní kàn kì í bọ̀ ọ́.

Ẹ MÁ FI ÀWỌ̀ WÁYÀ MỌ́TÒ ṢÈDÁJỌ́

Ọ̀rọ̀ pàtàkì rèé o. Àwọ̀ tá a kà sílẹ̀ yẹn, ti rédíò ọjà ni. Wáyà tó wà lára mọ́tò fúnra ẹ̀ ò bá a dọ́gba. Oníkálukú ilé iṣẹ́ mọ́tò ló ní tiẹ̀. Ẹ wo Toyota tó kún ìgboro wa: nínú ọ̀pọ̀ wọn, wáyà aláwọ̀ eérú ni iná kọ́kọ́rọ́, èyí tó jẹ́ búlúù pẹ̀lú ìlà yẹ́lò ni iná tí kì í kú, èyí tó jẹ́ búráwùn ló ń lọ sí bọ́dì. Bẹ́ẹ̀, lára rédíò ọjà, wáyà aláwọ̀ eérú, ti sípíkà iwájú lápá ọ̀tún ni! Réwáyà tó bá so eérú mọ́ eérú nítorí pé àwọ̀ wọn jọra, iná bátìrì ló tì bọ inú ibi tí orin ń gbà jáde yẹn. Ká tó wí ká tó fọ̀, rédíò tuntun ti jóná.

Mítà ló yẹ kí wọ́n fi wá iná, kì í ṣe ojú. Ẹ sì tún gbọ́ o, ẹ̀rù tó wà níbí ju ti rédíò lọ. Lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù mọ́tò òde òní, wáyà kan wà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tàbí rọ́bà tí wọ́n fi bò ó jẹ́ yẹ́lò. Ti àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú nígbà ìjàǹbá ni, èyí tá a mọ̀ sí airbag. Réwáyà tó bá rí yẹ́lò, tó rò pé ti rédíò ni, tó wá gún un pẹ̀lú tẹ́sítà oníná, ó lè jẹ́ kí àpò yẹn bú jáde lójijì sí i lójú. Ohun tí wọ́n ṣe láti gba ẹ̀mí là ló lè ṣe èèyàn léṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan yẹ́lò abẹ́ dáṣíbọọ̀dù tí kò bá mọ ibi tó ń lọ.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti bọ́ nínú gbogbo èyí ni kẹ́ ẹ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá orúkọ mọ́tò yín mu. Ẹ̀gbẹ́ kan á wọ ẹnu wáyà mọ́tò, ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n á so mọ́ ti rédíò. Wọn ò ní gé wáyà mọ́tò rárá. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta mọ́tò, ẹ lè dá rédíò àtilé padà, kẹ́ ẹ gbé tiyín lọ. Ṣùgbọ́n réwáyà tó ń kánjú kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn, sísọ́ọ̀sì ló máa kọ́kọ́ mú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá ti gé sọnù, ẹni tó bá tún máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn náà, àfi kó máa ta tẹ́sítà káàkiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn.

SÍPÍKÀ Ò NÍ ÌDÍ LÁTI KAN BỌ́DÌ

Wáyà mẹ́jọ tó kù lẹ́yìn rédíò, ti sípíkà mẹ́rin ni, méjì-méjì. Funfun jẹ́ ti iwájú lápá òsì, eérú jẹ́ ti iwájú lápá ọ̀tún, àwọ̀ ewé jẹ́ ti ẹ̀yìn lápá òsì, pọ́pù jẹ́ ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Èyí tí wọ́n fa ìlà dúdú sí lára nínú méjì-méjì yẹn ni nẹ́gẹ́tíìfù.

Láyé àtijọ́, àwọn mọ́tò kan wà tó jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo ló ń lọ sí sípíkà, ara bọ́dì ni ìkejì. Àwọn réwáyà àtijọ́ kọ́ ọ báyẹn, wọ́n sì ń fi kọ́ ọmọṣẹ́. Rédíò òde òní ò gba ìyẹn rárá. Nínú tòde òní, iná wà nínú wáyà méjèèjì tó ń lọ sí sípíkà, títí kan èyí tá a pè ní nẹ́gẹ́tíìfù. Tó bá kan bọ́dì, bí rédíò ò bá pa ara ẹ̀ láti gba ara ẹ̀ là, ẹ̀yà tó ń ti orin jáde nínú ẹ̀ á jó.

Ohun mìíràn tún wà tí kì í ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n tó ń bu adùn kù. Tí wọ́n bá so sípíkà kan tọ̀nà, tí wọ́n wá so ìkejì sódì, nígbà tí ọ̀kan bá ń tì, èkejì á máa fà. Ìlù á dàbí ẹni pé wọ́n ń lù ú nínú garawa, báàsì á pòórá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní sípíkà ò dáa, wọ́n á lọ ra òmíràn. Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ ní kí réwáyà yí wáyà sípíkà kan padà, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ bóyá báàsì máa dé.

IRỌ́ TÓ WÀ LÁRA PÁÁLÍ

Ẹ gba páálí rédíò yẹn wò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé 50 watt lọ́nà mẹ́rin. Ìyẹn jẹ́ 200 watt. Ẹ wá yí rédíò yẹn padà, kẹ́ ẹ wo fíùsì tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ampere 10 ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Mọ́tò tí ẹnjìnnì ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ máa ń fún rédíò ní nǹkan bíi volt 14. Tẹ́ ẹ bá sọ 14 di ọ̀nà 10, 140 watt lẹ máa rí, ìyẹn gbogbo oúnjẹ tó lè gba ibẹ̀ wọlé láìjó fíùsì. Ara ẹ̀ tún máa di ooru, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rédíò tó ti dún fún wákàtí kan kẹ́ ẹ rí i. Báwo lẹni tó jẹ 140 ṣe máa ṣu 200? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bíi 15 sí 20 watt ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sípíkà ń rí gbà dáadáa. 50 yẹn, bí ìgbà tí èèyàn pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, kò lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má tìtorí nǹkan tí wọ́n kọ sára páálí fi owó rẹpẹtẹ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ariwo ńlá lẹ fẹ́, ampilifáyà lẹ máa rà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le jù.

AMPILIFÁYÀ NÍNÚ BÚÙTÙ: ÈYÍ LÓ Ń DÁNÁ SUN MỌ́TÒ

Ampilifáyà ńlá kì í lo wáyà ẹ̀yìn rédíò. Láti bátìrì ni wọ́n ti ń fa wáyà rẹ̀ gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì dé búùtù. Èyí tó bá ń gbé 500 watt jáde lóòótọ́, ó lè máa jẹ tó ampere 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná tó pọ̀ báyìí gbọ́dọ̀ gba inú wáyà tó sanra. Tí wọ́n bá lo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, á gbóná, rọ́bà ara ẹ̀ á yọ́.

Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, fíùsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, kó má jù nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí i. Àwọn réwáyà kan á ní ampilifáyà ti ní fíùsì lára tẹ́lẹ̀, pé kí lẹ tún ń fẹ́? Ẹ má gbà fún wọn. Fíùsì ara ampilifáyà wà ní búùtù, ampilifáyà ló ń ṣọ́. Ta ló wá ń ṣọ́ wáyà gígùn tó ti iwájú lọ sẹ́yìn? Tí irin ìdí àga bá họ wáyà yẹn lójú ọ̀nà, gbogbo agbára bátìrì ló máa tú jáde síbẹ̀, kò sì sí ohun tó máa dá a dúró àyàfi fíùsì ìdí bátìrì. Níbi tí kò bá ti sí i, iná ló kù, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sì ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó kún fún tìmùtìmù.

Èkejì, ibi tí wáyà ti gba ojú irin wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹnjìnnì. Ihò irin mú bí abẹ. Rọ́bà róbótó kan wà tí wọ́n ń fi sí ẹnu ihò yẹn kí irin má baà máa rẹ́ wáyà bí mọ́tò ṣe ń gbọ̀n. Pẹ̀lú kòtò tó wà lójú títì wa, mọ́tò wa ń gbọ̀n ju ti ibòmíì lọ. Rọ́bà tí kò tó nǹkan yẹn, òun ló wà láàárín yín àti iná.

Ẹ̀kẹta, irú wáyà wo ni? Wáyà ayédèrú pọ̀ lọ́jà tó jẹ́ pé ara ẹ̀ nìkan ló pọ́n bíi kọ́pà, àlùmíníọ́mù ni inú ẹ̀. Àlùmíníọ́mù ò gbé iná tó kọ́pà, ó sì máa ń tètè já. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi bíléèdì ha okùn kan nínú ẹ̀. Tó bá pọ́n dé inú, kọ́pà ni. Tí inú ẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà fún un.

BÉBÀ SÌGÁ KÌ Í ṢE FÍÙSÌ!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pariwo eléyìí. Fíùsì jó, réwáyà tàbí dẹ́rẹ́bà á ya bébà fàdákà inú páálí sìgá, á wé e mọ́ fíùsì, á tì í padà. Iná dé, wọ́n á ní ọgbọ́n ni. Ọgbọ́n kọ́ o, ẹ̀mí ni wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́.

Fíùsì kì í kàn jó lásán. Ó jó nítorí pé iná tó ń kọjá níbẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí wáyà lè gbé lọ. Ó kú kí wáyà má baà kú ni. Ẹni tó bá wá gbé bébà sìgá sípò ẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ló lé kúrò lẹ́nu géètì. Nígbà míì tí iná bá tún pọ̀, wáyà fúnra ẹ̀ ló máa di fíùsì. Fíùsì 10 tó bá jó, fíùsì 10 náà ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀, ẹ má gbé 30 síbẹ̀. Tó bá tún jó, ẹ wá ohun tó ń jó o.

KÍ LÓ Ń JẸ BÁTÌRÌ YÍN MỌ́JÚ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ra bátìrì méjì lọ́dún kan nítorí rédíò. Ẹ jẹ́ ká ní bátìrì yín jẹ́ èyí tó ń gbé ampere 60 fún wákàtí kan. Tí ohun kan bá ń jẹ ampere kan péré níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ kọ́kọ́rọ́, láàárín ọgbọ̀n wákàtí, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò kalẹ̀ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, tí ó di àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ pe àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n wá bá yín tì í.

Réwáyà gidi mọ bó ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Á pa gbogbo nǹkan, á tú ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, á fi mítà sáàárín, á wo iye tó ń kọjá lẹ́yìn tí mọ́tò bá ti sùn. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, kò yẹ kó ju nǹkan bíi 0.05 ampere lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, á máa yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi máa rí olè náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wáyà búlúù onílà funfun lolè ọ̀hún. Wáyà yẹn ló yẹ kó ti ara rédíò lọ jí ampilifáyà, kó sì pa á nígbà tí rédíò bá kú. Tí wọ́n bá so ẹnu ampilifáyà yẹn mọ́ iná tí kì í kú, ampilifáyà ò ní sùn láé.

TẸLIFÍṢÀN NÍWÁJÚ DẸ́RẸ́BÀ

Àwọn rédíò ojú ńlá ló wà lóde báyìí, tí wọ́n ń fi wo fíìmù, tí wọ́n sì tún ń fi wo ẹ̀yìn tí wọ́n bá ń rìfáàsì. Ti ẹ̀yìn yẹn dáa. Ṣùgbọ́n wáyà kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ so mọ́ hándíbíréèkì, kí fíìmù má baà hàn àyàfi tí mọ́tò bá dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ réwáyà ń ṣe ni pé wọ́n á so wáyà yẹn mọ́ bọ́dì pátápátá, fíìmù á máa hàn nígbà gbogbo. Àwọn ọlọ́kọ̀ ló sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe é o. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń wa mọ́tò lórí Third Mainland, ojú kan wà lára odò, ojú kan wà lára fíìmù. Èwo ló wà lójú títì?

Kẹ́ ẹ tó yọ rédíò àtilé kúrò nínú mọ́tò ìgbàlódé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun mìíràn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò General Motors, inú rédíò ni dìndìn tó ń kìlọ̀ fún dẹ́rẹ́bà ti ń dún. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ láìlo ẹ̀rọ tó yẹ, ìkìlọ̀ yẹn lọ nìyẹn.

OHUN TẸ́ Ẹ MÁA ṢỌ́ LÁRA RÉWÁYÀ

Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó tú ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Nẹ́gẹ́tíìfù la wí o, nítorí tí sípánà bá ti ara pọ́sítíìfù kan bọ́dì, iná á ta pàà. Ṣùgbọ́n tí mọ́tò yín bá ṣì ní rédíò oníkóòdù tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ kọ kóòdù yẹn sílẹ̀ ná.

Ẹ wò ó bóyá ó ní mítà. Ẹni tó jẹ́ eyín àti tẹ́sítà nìkan ló ní, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ wo bó ṣe ń so wáyà pọ̀. Léèdì ló yẹ kó fi jó o, tàbí kó fi ẹnu irin tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kó wá fi rọ́bà tó ń sún kì bò ó. Téèpù dúdú nìkan ò tó. Inú mọ́tò tó dúró sínú oòrùn ọ̀sán gangan gbóná bí ààrò, gúlúù téèpù á yọ́, á tú, wáyà á sì jáde síhòòhò.

Ẹ wo ibi tó so wáyà dúdú mọ́. Irin tó mọ́, tí wọ́n ti ha ọ̀dà kúrò lára ẹ̀, ló yẹ kó jẹ́. Tí ẹ bá ń gbọ́ ohùn fííín nínú sípíkà, tó ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ ináàgi mọ́tò, ìdí wáyà yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Tó bá parí, ẹ má tíì sanwó. Ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí rédíò kú fúnra ẹ̀. Ẹ tún un tàn, kí aago ṣì wà níbi tó wà. Ẹ gbọ́ sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tan iná iwájú, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fọn fèrè, kẹ́ ẹ rí i pé kò fọwọ́ kan ohun mìíràn. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

A mọ̀ pé àwọn réwáyà tó mọṣẹ́ wọn pọ̀ nílẹ̀ yìí, iṣẹ́ wọn ò sì rọrùn. Irú wọn máa ń gba owó ju ti abẹ́ igi lọ, wọ́n sì lè dá mọ́tò dúró fún odindi ọ̀sán. Ẹ san án fún wọn, kẹ́ ẹ sì fún wọn láyè. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tó ń bẹ réwáyà pé kó ṣe kíá, kó gba owó kékeré, òun náà wà lára àwọn tó ń so wáyà tí ò dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti so tiyín tipẹ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Lọ́la tó bá jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ tọ wáyà ampilifáyà yín láti ìdí bátìrì. Tẹ́ ẹ bá rìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan tẹ́ ò rí fíùsì, ẹ má tan rédíò yẹn mọ́ títí tí wọ́n fi máa fi í síbẹ̀.